Ìran Tí Mo Rí ní Igbódìgò

Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn púpurú, ẹ̀gẹ́ tí a rẹ tí a sì ṣù, tó ń gba èéfín lórí àjà, ẹrù dídì ni mo máa ń kọ́kọ́ rò kí ebi tó pa mí. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ mọ òórùn náà, ọ̀pọ̀ yín ló sì ń mú rántí oúnjẹ. Ní tèmi, ohun tó ń sọ ni pé a tún fẹ́ lọ. Ní òwúrọ̀ tí mò ń sọ yìí, ní Igbódìgò, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo jí, mo bá Màmá, ìyá bàbá mi, lórí àpótí níwájú iná, èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pípọ́n. Púpurú tí Mọ́mì máa gbé lọ ló ń yan, nítorí ó máa ń pẹ́ nílẹ̀ láì bàjẹ́. Àpò tó ń kó o sí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Mo mọ̀ pé kò kù ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Ajíhìnrere ni bàbá mi nínú ìjọ Aládùúrà. Wọ́n rán an lọ sí Tógò nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, sí ìlú kan létí òkun, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ti jẹ́ páánù lórí òpó igi lásán. Ọdọọdún la máa ń wálé fún ìkórè, a ó simi díẹ̀, a ó tún di ẹrù. Nígbà míì wọ́n á fi mí sílé-ìwé ní Igbódìgò fún sáà kan, ara mi á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọlé, wọ́n á tún yọ mí. Kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo ti jókòó ní ilé-ìwé márùn-ún. Mò ń fi Faransé ṣe ìṣirò, mò ń fi Yorùbá gbàdúrà, Màmá sì ń fi Ìkálẹ̀ bá mi wí. Tí mo bá ní ọ̀rẹ́ lónìí, mo ti ń ro bí màá ṣe dágbére fún un lọ́la.

Bí mo bá ráhùn, Dádì á ní, "Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a máa jẹ́ ẹ fún." Ṣùgbọ́n tí Mọ́mì bá ń ká aṣọ sínú báàgì, á máa kùn sínú ara rẹ̀ pé, "Ilé làbọ̀ ìsinmi oko." Tirẹ̀ ló wọ̀ mí létí ju ti Dádì lọ.

Ní Wẹ́sídeè ọ̀sẹ̀ yẹn, a lọ sí ìsìn àánú. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, torí a kì í wọ bàtà sí sùtánà. Àwọn ìyá ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ẹ̀mí sì gbé obìnrin kan níwájú mi, ó ń gbọ̀n. Mo ti ń wo irú rẹ̀ láti kékeré. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń mi orí, mo mọ bí ohùn wọn ṣe ń yí padà. N kò lè sọ pé mo gbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo kàn bá ara mi nílẹ̀, mò ń yí gbirigbiri, mò ń pariwo pé, "Mo rí omi! Omi bo ọ̀nà! Mo rí sùtánà Dádì tó léfòó lórí omi! Kí wọ́n má lọ o, kí wọ́n má lọ!"

N kò rí nǹkan kan. Ojú mi dì, ó ṣókùnkùn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú ìjọ wa, bí èèyàn bá ń ríran, akọ̀wé á ti jókòó tì í pẹ̀lú ìwé, á máa kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Akọ̀wé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kúnlẹ̀ tì mí, ó ń kọ. Ohun tó bá ti wọ inú ìwé yẹn, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Wọ́n kà á níwájú ìjọ. Ẹnì kan rántí Sámúẹ́lì, tí Ọlọ́run pè lọ́mọdé. Dádì fúnra rẹ̀ ló fi ìtàn yẹn kọ́ wa ní Tógò, ibo ló ti máa rí ẹnu sọ̀rọ̀? Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹta, ó pè mí sínú yàrá, ó wò mí títí, ó ní, "Fúnmi, ṣé o rí i lóòótọ́?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Mo sì tẹjú mọ́ ọn.

Màmá nìkan ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bó ṣe ń fi ọ̀bẹ ha dúdú ara púpurú kúrò, ó ní, "Ọmọ mi, omi tó o rí yìí, ṣé kò tutù sí ọ lára?" Mo sá kúrò níbẹ̀.

Báyìí la ṣe dúró. Mo ní ìjókòó kan ṣoṣo ní kíláàsì kan ṣoṣo, inú mi dùn. Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Ṣùgbọ́n Dádì kò lè jókòó. Á lọ sóko láàárọ̀, kí oòrùn tó mú á ti padà dé, á wá lọ dúró létí títì tó lọ sí Òkìtìpupa, á máa wo mọ́tò tó ń kọjá. Ó ti ṣèlérí fún ìjọ Tógò pé òun á padà wá ṣe ìrìbọmi fún wọn kí Àjíǹde tó dé. Opó kan tó ń dín ẹja tà, Àfí lorúkọ rẹ̀, ló fi ìjọ ibẹ̀ sí lọ́wọ́. Inú ìwé orin wa ni Àfí ti kọ́ Yorùbá, kò mọ Yorùbá mìíràn yàtọ̀ sí ti inú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí Dádì gbàgbé fóònù sílé, òun ló pè, èmi ni mo gbé e.

"Ọmọ Olùṣọ́-àgùntàn," ó ní, "ṣé Olùṣọ́-àgùntàn ń bọ̀? Àwa ń wọ̀nà fún un."

Mo ní, "Wọ́n ń bọ̀, mà."

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó pè. Nígbà tó yá, a gbọ́ pé wọ́n ti tú páánù ṣọ́ọ̀ṣì Tógò lọ, ìjọ ti fọ́n ká. Dádì jókòó sẹ́yìn ilé títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí. Ẹ wo èmi tí mo purọ́ kí n lè dúró lójú kan, n kò lè dúró. Mo ti ṣe tíṣà ní Àkúrẹ́, mo ti ta aṣọ ní Oǹdó, mo ti kó jáde nínú ilé tí n kò lè kà tán. Tí mo bá ti pé ọdún méjì níbì kan, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Kò sì sí ibi tí mo kó dé tí ìbéèrè Àfí kò bá mi dé.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ jẹ́wọ́ fún Dádì ní Igbódìgò. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sọ ti fóònù náà. Ẹkún kò jẹ́ kí n lè sọ ọ́ já geere.

"Mo mọ̀," ó ní. "Láti ọjọ́ tí mo bi ọ́ léèrè ni mo ti mọ̀. Ó ti rẹ̀ mí, Fúnmi. Ó ti rẹ ìyá rẹ. Mò ń wá ẹni tí màá sọ pé ó dá mi dúró, ìwọ lo sì bọ́ sí mi lọ́wọ́."

Ó ní kí n dìde. Inú bí mi, n kò ní purọ́. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń ru ẹ̀ṣẹ̀ yẹn kiri, ó mọ̀, ó sì jẹ́ kí n máa rù ú. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mi. Mo wo irun funfun rẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, sà," mo sì wọlé lọ bu omi wá fún un. Òpùrọ́ ni ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn, ṣùgbọ́n ó dojú kọ odindi ìjọ, ó sì sọ ohun tó ń fẹ́. Èmi àgbà, n kò lè sọ òtítọ́ kan péré, pé inú bí mi, fún bàbá mi.