Ọwọ́ Òsì àti Bọ́ọ̀lù Inú Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ẹ ó rántí ìgbà tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì ọ̀nà, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, nílé wa ní Ìlaròó.

Òórùn gààrí ló máa ń jí mi. Èmi ni àkọ́bí, mi ò lọ ilé ìwé; ìdí agbada Màámi ni ilé ìwé tèmi. Òsì sì lọwọ́ mi tó yá. Láràárọ̀, kí n tó mú àwẹ́ igbá tí a fi ń yan gààrí, Màámi á fi àkísà di ọwọ́ òsì mi, kí ọ̀tún lè mọ iṣẹ́. Gààrí á jóná, èmi á máa sunkún.

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni," ni Màámi máa ń wí. "Ta ni yóò gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ nílé ọkọ? Mọ́tò pàápàá ti kúrò lósì, ìwọ nìkan ló kù!"

Ẹ̀rù ló ń bà á, mo mọ̀ báyìí. Nígbà náà, kí wọ́n ṣáà tú ọwọ́ mi sílẹ̀ ni mo ń fẹ́.

Àbúrò Bàámi, tí à ń pè ní Bàbá Kékeré, ń ta aṣọ láàárín Owódé àti Àjàṣẹ́ lódìkejì ibodè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé àpótí pẹlẹbẹ kan dé, ohun yíyí méjì bíi ti rédíò wà lórí rẹ̀. Ó so wáyà rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n Bàámi. Igi funfun kan yọ lápá ọ̀tún, òmíràn lápá òsì, bọ́ọ̀lù bíńtín ń ta pọ́ún-pọ́ún láàárín wọn. Bí o bá yí tìrẹ, igi rẹ á lọ sókè sódò láti gbá bọ́ọ̀lù padà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ojú wa ò kúrò níbẹ̀.

Bàbá Kékeré na gbogbo ilé. Bí ọ̀ta ayò tó na ẹnìkejì rẹ̀ ló ń ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọ̀pẹ ni ọ́! Dìde, kí ẹlòmíràn jókòó!"

Nígbà tó kàn mí, àkísà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo fi ọ̀tún yí i, bọ́ọ̀lù kọjá. Mo tún yí i, ó tún kọjá.

"Àjọkẹ́, ṣé ọwọ́ rẹ ń sùn ni?" Bàbá Kékeré bi mí.

Inú bí mi. Mo fi eyín tú àkísà, mo gbé òsì lé e.

"Háà! Níwájú àgbà!" Màámi ti dìde.

Bàámi ò gbé ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. "Ìyá Àjọkẹ́, fi í sílẹ̀ ná. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀."

Ó bọ̀, mo gbá a. Ó tún bọ̀, mo gbá a. Òógùn bo Bàbá Kékeré. Nígbà tí bọ́ọ̀lù ìkẹyìn yẹ igi rẹ̀ sílẹ̀, Bàámi pàtẹ́wọ́: "Àbúrò mi, ọ̀pẹ! Dìde!"

Ẹ̀rín gba ilé. Màámi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Bàámi wò ó, ó ní, "Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, òun lọwọ́ fi ń mọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo na ọwọ́ sí Màámi kó dì í. Ó wo ọwọ́ náà títí, ó wá fi àkísà nu agbada. "Fi èyí tó bá yá yan án," ló wí. "Ṣùgbọ́n ọ̀tún ni o ó fi bu fún èèyàn o." Gààrí ọjọ́ náà ò jóná.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ mi ra irú eré bẹ́ẹ̀ tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì. Ti ọmọ-ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kò ní wáyà, àtàǹpàkò méjèèjì ló ń sáré lórí rẹ̀. Ó máa ń nà mí nínú eré náà báyìí, ọwọ́ òsì mi ò yá mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí kan náà ló yan gààrí tó rán ìyá rẹ̀ nílé ìwé.

Nígbà tí ọmọ mi kan, ní kékeré rẹ̀, fi òsì mú pẹ́ńsù, tí àwọn yòókù ń fi í ṣẹ̀sín, mo pe gbogbo wọn jókòó. Mo ní, "Ọ̀tún lẹ ó fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ṣùgbọ́n nínú ilé yìí, a kì í di ọmọ lọ́wọ́."