Bí Mo Ṣe Kí Apẹja Kú Ọwọ́ Lómi

Èmi kọ́ ni mo wá iṣẹ́ gémù lọ, òun ló wá mi wá sí ṣọ́ọ̀bù irun mi ní Rumuokoro, ní Port Harcourt. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́, mo ti wá a lọ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n ní kí n mú ìwé ẹ̀rí yunifásítì wá. Lẹ́ẹ̀kejì, mo tètè sọ pé mi ò ní, wọ́n sì fi ọ̀yàyà sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe ìdánwò ìparí sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni Gẹ̀ẹ́sì já mi kulẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kò sí gémù orí fóònù tí mi ò tíì ṣe dé òpin. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn èèyàn inú wọn kì í sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Mo máa ń tún ọ̀rọ̀ wọn sọ nínú ọkàn mi bí mo bá ń dirun lọ́wọ́.

Ibinabo, ọmọ Okrika, oníbàárà mi ni. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ló ń ṣẹ̀dá gémù nínú yàrá kan ní Eliozu. Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo ń dirun fún un, ló bá gbé fóònù sókè kí n lè rí gémù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ di Yorùbá. Abúlé etí omi kan ni, bí Abuloma. Ẹni tó ń ṣe gémù náà rìn lọ bá obìnrin kan tó ń dirun, ó ní, "Báwo ni, obìnrin onírun."

Mo rẹ́rìn-ín títí òòyà fi bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Shade, wetin dey do you? You wan comot my head?"

"Who write this thing?"

"One guy for Lagos. E get master's."

Mo ní kò sẹ́ni tó ń kí onídìrí bẹ́ẹ̀. "Ojú gbooro o" ni wọ́n ń kí i, òun náà á sì dáhùn pé, "Òòyà á yà á." Màmá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ ti fi kọ́ mi kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan orí ẹnikẹ́ni. Ibinabo yíjú padà tòun ti ìdajì irun.

"So every work get him own greeting?"

"Every work."

"And you sabi all?"

"Na me you dey ask?"

Ẹnu mi yìí ni kì í gbọ́ràn. Port Harcourt ni wọ́n bí mi sí, Pidgin ni mo fi ń lálàá. Yorùbá tí mo gbọ́ jù nílé ni "wá jẹun" àti "ta ló fọ́ àwo yìí?" Mẹ́ta péré ni mo mọ̀ nínú ìkíni oníṣẹ́: ti onídìrí, "Ajé á wọgbá" ti ọlọ́jà, àti "Ọkọ̀ á réfò" tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn awakọ̀ ní páàkì. Èèyàn mẹ́rin ni Ibinabo sì ní kí n kọ ọ̀rọ̀ fún. Apẹja ni ìkẹrin. Tí mo bá kọ ọ́ dáadáa di ọjọ́ Ẹtì, mo ti ríṣẹ́. Tí kò bá dáa, kí n máa fa orí àwọn èèyàn lọ.

Ǹ bá pe màmá mi tó ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, àmọ́ mo ti fọ́nnu fún un pé wọ́n ti gbà mí bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo wá rántí pé nígbà tí mo wà ní kékeré, màmá mi máa ń kí ìyá kan nílé kejì níbi tó ti ń fọṣọ: "Ẹ kú ọwọ́ lómi o." Ọwọ́, nínú omi. Ta ni ì bá jẹ́, bí kò ṣe apẹja? Mo kọ ọ́, inú mi sì dùn sí ara mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbé e lọ bá Ibinabo ní Eliozu. Kò gbọ́ Yorùbá, ló bá pe Alhaji Ráúfù, télọ̀ tó ń rán síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, pé kó wá bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá náà ń mi orí bó ṣe ń kà á, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ apẹja. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ṣadé, apẹja yìí, ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Ọkùnrin ni, Alhaji. Ó ní irùngbọ̀n."

"Ìgbà wo ló bímọ?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ibinabo ní, "Alhaji, wetin she write?"

"Na woman wey just born pikin dem dey greet like this."

Ìgbà yẹn ni mo tó rí ìyá ilé kejì yẹn dáadáa lójú ọkàn mi. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú omi lóòótọ́, àmọ́ ìlédìí ọmọ ló ń fọ̀, ìkókó sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú tì mí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ibinabo kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ìwé náà bí ẹni tó fẹ́ sọ pé àwọn á pè mí.

Mo ti fọwọ́ kan báàgì mi kí inú tó bí mi. Mo fa bírò yọ, mo kọ èsì apẹja sábẹ́ rẹ̀: "Ọmọ mi, ẹja ni mo pa, mi ò bímọ. Ta ló rán ẹ sí mi?" Mo kọ ti awakọ̀ tí wọ́n bá kí ní "ojú gbooro": "Ṣé irun lo rí lórí mọ́tò mi ni?" Mo kọ ti onídìrí tí wọ́n bá kí ní "ọkọ̀ á réfò": "Ó dáa, jókòó kí n di táyà ẹ." Mo kà á sókè. Alhaji ń túmọ̀ rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Níkẹyìn, Ibinabo náà bú sẹ́rìn-ín.

"So if person choose wrong one, dem go yab am?"

"Na so."

"Oya, write am for everybody."

Kò sẹ́ni tó béèrè ìwé ẹ̀rí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé inú ìkíni tí kò tọ̀nà ni iṣẹ́ wa wà. Màmá mi gan-an, tó mọ gbogbo ìkíni náà, bó bá ń ṣe gémù náà lórí fóònù rẹ̀, ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í kí apẹja lè bú u. Á wá pè mí: "Apẹja ẹ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́. Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

Lọ́dún tó kọjá, mo bí ọmọbìnrin kan. Alhaji Ráúfù gbé aṣọ ìkókó tó rán wá, ó bá mi nídìí báfù, ọwọ́ mi méjèèjì wà nínú ọṣẹ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Ẹ kú ọwọ́ lómi o," ló wí, ó sì ń dúró de èsì.

"Ẹ ṣeun, Alhaji. Mo bímọ lóòótọ́. Ẹja ni mi ò tíì pa."