Oúnjẹ Aláìsàn

Gbogbo ẹ̀wù alápá péńpé tí àwọn ọmọge ń wọ̀ ládùúgbò Ṣàngó, Mùínàt ló ń rán an. Òun alára kì í wọ̀ ọ́. Àwọn èèyàn ní ẹ̀sìn ló wọ̀ ọ́ lára. Ẹ̀sìn kọ́. Ara ló ń yún un. Ìléròrò wẹ́wẹ́ sú bo ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì, ó sú bo orúnkún. Tó bá họ ọ́, omi á jáde, ẹ̀jẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ó ń ṣu gbuuru. Ó ń rù.

Rokibat ìyá rẹ̀ ò fọ̀rọ̀ falẹ̀. Ta ni ò mọ̀ pé àlìkámà loúnjẹ aláìsàn? Ó rà á lọ́jà Ipata, ó lọ̀ ọ́, ó ń ro ó fún ọmọ láàárọ̀ lálẹ́. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń rù sí i.

Salahudeen ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń po ìyẹ̀fun àlìkámà nílé búrẹ́dì kan ní Fate, ló mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gé awọ bíńtín.

Dókítà ní, "Àlìkámà ni. Ara yín ń bá a jà. Búrẹ́dì, ìndomí, pọ́fpọ́fù, ó parí. Títí ayé."

Mùínàt wojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀rín pa á. "Bọ̀dá, ẹ̀yin gan-an làrùn tó ń ṣe mí."

Láti ọjọ́ náà, Salahudeen kì í wọlé láìbọ́ aṣọ iṣẹ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ìrẹsì, iṣu, túwó àgbàdo, kókó tí ìyá wọn ń sè láràárọ̀, ohun tí Mùínàt ń jẹ nìyẹn. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í jinná. Ó rán alápá péńpé kan fún ara rẹ̀, aláwọ̀ aró. Ó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìléròrò tún yọ.

Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò.

"Ẹ ṣì ń jẹ ẹ́," ni dókítà wí.

"Wàláhì, mi ò jẹ ẹ́."

"Ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́."

Salahudeen náà wò ó bákan. Mùínàt rí i.

Kò gbà kí wọ́n tún yẹ òun wò mọ́. "Kí n tún lọ gborúkọ òpùrọ́ bọ̀?" Ó ń ṣu gbuuru, ẹ̀jẹ̀ ń gbẹ lára rẹ̀. Lẹ́yìn Iléyá, ó kú.

Nígbà tí àdúrà fídáù rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, Rokibat pe Salahudeen.

"Salahu, gbé búrẹ́dì wá níbi iṣẹ́ rẹ, ká fi ṣe sàráà. Ó fẹ́ràn ẹ̀."

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká fi ìrẹsì ṣe é."

"Ọ̀rọ̀ dókítà yín yẹn náà ni? Ẹ febi pa ọmọ mi. Ọpẹ́lọpẹ́ èmi tí mò ń bu àlìkámà sínú kókó ẹ̀, kó lè lágbára. Ì bá ti kú tipẹ́."

Salahudeen lanu. Ó wo ìyá rẹ̀. Tó bá sọ ọ́, òkú á di méjì. Ó pa ẹnu dé.

Ó gbé búrẹ́dì wá. Àwọn àfáà jẹ ẹ́, wọ́n ní ó dùn, wọ́n ní kí Ọlọ́run kẹ́ Mùínàt.

Mùínàt ò purọ́. Salahudeen ò rẹ́ni tó lè sọ ọ́ fún.