Télọ̀ Ó-kù-díẹ̀

Bàbá àti ìyá ọkọ mi sọ ọ́ lórúkọ, àmọ́ àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní èyí tó mọ́ ọn lára. Ó-kù-díẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Àwọn tí ẹnu wọn mú jù nínú wọn á yọrí wọlé, wọ́n á ní, "Káàtó ńkọ́? Ṣé ó wà nílé?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á bú sẹ́rìn-ín, ọkọ mi náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni kì í pa lẹ́rìn-ín, torí orúkọ ọkọ ni ìyàwó ń jẹ́. Bí mo bá lọ ra iyọ̀ lásán, Ìyàwó Ó-kù-díẹ̀ ni mo ń jẹ́.

Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni o. Iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Bó bá gé kọ́là fún èèyàn, kọ́là náà á jókòó sí ọrùn bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Ẹni tí èjìká rẹ̀ kan ga ju ìkejì lọ á wọ aṣọ tó rán, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹnu rẹ̀ ni kò dára. Kì í lè sọ pé rárá. Iye èèyàn tó bá gbé aṣọ wá láàárọ̀, á gba ti gbogbo wọn, á fi téèpù wọ̀n wọ́n, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí aṣọ, ó parí nìyẹn. Mo ti bi í léèrè rí pé kí ló dé tó fi ń purọ́ fún àwọn èèyàn. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gan-an.

"Ìyá àwọn ọmọ, èmi kì í purọ́," ló wí. "Mo ti rí aṣọ náà tán lójú mi. Gígé àti rírán ló kù."

Ẹ gbọ́ o. Gígé àti rírán!

Ṣọ́ọ̀bù wa ò ju yàrá kan lọ, ojú títì ló kọjú sí. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló wà níbẹ̀, tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì áyọ́ọ̀nù. Èmi ni mo ń ṣẹ́ etí aṣọ, èmi ni mo ń rán bọ́tìnì, èmi náà ni mo ń bẹ oníbàárà. Ẹ̀bẹ̀ yìí ló ń gba àkókò jù. Aṣọ kún abẹ́ tábìlì, ó kún orí àpótí, gbogbo rẹ̀ wà nínú ọ̀rá, a kì í mọ èyí tó ti gé yàtọ̀ sí èyí tí kò tíì gé.

Sùúrù àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yà sọ́dọ̀ télọ̀ tó wà ní ìpẹ̀kun àdúgbò. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá ọkọ mi wá iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan, kó máa ṣọ́ géètì níbẹ̀. Ó ní kí a ta àwọn ẹ̀rọ náà. Ìgbàkigbà tó bá pè mí láti mọ ohun tí ọkọ mi wí, màá ní ó ṣì ń rò ó. Ọkọ mi ò rò ó rárá. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rù sì ń bà mí láti sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ibi tí a wà nìyẹn tí ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn wa fi gbé aṣọ búlúù kan wọlé. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó ní òun fẹ́ wọ̀ ọ́ gba àlejò ní ilé-ìwé, àti pé bó bá bá òun lára mu, òun máa gbé yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ wá fún wa rán. Mo wo ọkọ mi, ọkọ mi wò mí. A mọ̀ pé bí iṣẹ́ yẹn bá tẹ̀ wá lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ géètì ti tán nìyẹn.

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó rán aṣọ náà. Ó gbé gbogbo ìyókù tì, ó gé e, ó rán an, ó tú apá rẹ̀, ó tún un rán torí pé kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo ṣẹ́ etí rẹ̀. Ó lẹ́wà débi pé mo gbé e lé ara mi wò níwájú dígí. Bọ́tìnì ló kù. Bọ́tìnì ni mo sì ń wá nínú agolo nígbà tí obìnrin náà yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàsán, mà," ọkọ mi kí i, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ẹ káàsán. Aṣọ mi ńkọ́?"

"Ó kù díẹ̀, mà."

Áà! Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gbé mì nìyẹn. Àwọn oníbàárà méjì tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Mọ́mì, ẹ wá jókòó tì wá. Tèmi náà ti kù díẹ̀ látìgbà tí ọmọ mi ò tíì hu eyín. Ó ti ń jẹ eegun báyìí."

Ojú ọ̀gá ilé-ìwé le. "Ẹ gbé aṣọ mi fún mi bó ṣe wà."

"Mà, òótọ́ ni mò ń sọ, bọ́tìnì nìkan ló..."

"Mo ní bó ṣe wà."

Ọkọ mi ká aṣọ náà, ó fi í sínú ọ̀rá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Obìnrin náà ò wo inú ọ̀rá. Ọ̀dọ̀ télọ̀ ìpẹ̀kun àdúgbò ló gbà lọ tààrà.

Ohun tí télọ̀ yẹn ṣe sí aṣọ náà ò ju pé ó rán bọ́tìnì mọ́ ọn. Ọ̀gá ilé-ìwé wọ̀ ọ́, àwọn àlejò ń béèrè ẹni tó rán an, orúkọ tí wọ́n sì gbọ́ kì í ṣe tiwa. Nígbà tí mo gbọ́, mo so gèlè mọ́ ìdí, ó di ẹnu ọ̀nà. Ọkọ mi dì mí lápá mú.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mò ń lọ sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé pé ìwọ lo rán an!"

"Ta ló máa gbà ẹ́ gbọ́?"

Mo tú gèlè mi. Mo sunkún. Ọkọ mi jókòó síwájú ẹ̀rọ rẹ̀, kò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, inú sì ń bí mi sí i, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, ó ti ta okùn láti ògiri kan dé ìkejì. Ó ti tú gbogbo ọ̀rá. Ó kọ́ aṣọ tí kò tíì gé sí ọwọ́ òsì, èyí tó ti gé sí àárín, èyí tó ti rán tán sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì kún, okùn fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ọwọ́ ọ̀tún, àpò ìrọ̀rí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tiwa sì ni.

"Kí lèyí?" mo bi í.

"Kí kálukú máa fi ojú ara rẹ̀ rí tirẹ̀. Ẹnu mi ti ba nǹkan jẹ́ tó."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Wọn ò sọ fún wa pé kùmọ̀ ni wọ́n á fi pàdé òtítọ́ náà bó bá dé. Ìyá kan rí aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ òsì, ó bú wa tọmọ-tọmọ. "Mi ò tíì gé e, mà, ẹ má bínú," ni ọkọ mi ń wí. Òótọ́ ọ̀rọ̀, bí ìsọkúsọ. Ìyá náà ní ì bá kúkú purọ́ fún òun. Àwọn kan kó aṣọ wọn lọ. Ẹni tó bá gbé tuntun wá, ọkọ mi á wo okùn kó tó dáhùn, nígbà mìíràn á ní òun ò lè gbà á. Èmi tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ látọjọ́ yìí pé kó yé purọ́, àyà mi já. Mo sọ fún un pé òótọ́ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ pa wá. Ó kàn ń gé aṣọ lọ. Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ òsì ń fúyẹ́, ọwọ́ ọ̀tún ń wúwo.

Ẹ̀gbọ́n mi tún pè. Ó ní ilé-iṣẹ́ náà ò ní dúró mọ́, òun fẹ́ gbọ́ ìdáhùn kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀gá ilé-ìwé padà wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo okùn náà láti òpin kan dé èkejì. Ó ní òun gbé aṣọ mìíràn fún télọ̀ yẹn kó rán an bíi ti àkọ́kọ́, èjìká rẹ̀ ò gba òun. Télọ̀ náà tún un ṣe títí ó fi sú u, ló bá jẹ́wọ́.

"Ó ní bọ́tìnì nìkan lòun mọ̀ níbẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò gbọ́."

"Ẹ̀bi yín kọ́, mà," ọkọ mi fèsì.

Ó wá sọ ohun tó gbé e wá: yunifọ́ọ̀mù gbogbo ilé-ìwé, kí àwọn ọmọ tó wọlé fún sáà tuntun. Ṣé a lè ṣe é? Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mò ń wí nínú ara mi, sáà ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ mi wo okùn. Ó wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó wo tèmi.

"Rárá, mà. Kò ní ṣeé ṣe. Ti kíláàsì àwọn ọmọ kékeré nìkan la lè rán tán kí wọ́n tó wọlé."

Obìnrin náà gbé ọ̀rá ńlá kan tí aṣọ yunifọ́ọ̀mù kún inú rẹ̀ lé orí tábìlì.

"Gbogbo télọ̀ tí mo ti bi ṣáájú yín ló ní àwọn máa parí gbogbo ẹ̀," ló wí. "Mi ò gba ìkankan nínú wọn gbọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn ọmọ kékeré. Àwọn yòókù á máa wọ ti tẹ́lẹ̀ títí ó fi máa kàn wọ́n."

Lẹ́yìn tó lọ, ọkọ mi ń kọ́ aṣọ náà sí ọwọ́ òsì nígbà tí fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni.

"Kí ni ọkọ ẹ wí?"

Ó kù bíntín kí n sọ pé ó ṣì ń rò ó. Mo gbé e mì.

"Ẹ fún ẹlòmíràn níṣẹ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Kò ní wá."

"Ṣé ẹ máa rí jẹ nídìí aṣọ yẹn?"

"Ìyẹn ò tíì dá mi lójú," mo dá a lóhùn. "Àmọ́ kò ní wá."