Ọjọ́ Tí Mo Yọ́ Lọ ní Àjídò

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí wọ́n bá mú ọmọ lọ gbé lọ́dọ̀ ẹbí, wọn kì í jẹ́ kó rí ìgbà tí ìyá rẹ̀ ń lọ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é ní etíkun wa níbí. Àwọn àgbà gbà pé ọmọ tó bá rí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ẹkún ni yóò máa sun, kò ní jẹun, àìsàn á sì dé. Nítorí náà, wọn á rán an níṣẹ́. Kó tó dé, ìyá ti lọ.

Wọ́n ṣe é fún èmi náà. Ìyá mi mú mi láti Àgbádárìgì lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìjanikin, kí n lè máa lọ sí ilé-ìwé níbẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ pọnmi wá. Nígbà tí mo gbé omi dé, n kò bá ìyá mi mọ́. N kò sunkún. Gbogbo ilé yìn mí pé ọmọ gidi ni mí, mo sì gbà wọ́n gbọ́ fún ọdún gbọọrọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí èmi náà fojú ara mi rí. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo wọ ẹgbẹ́ kan nílùú wa tó ń ṣe pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú àwọn ará Àjàṣẹ́, lódìkejì bọ́dà. Ọmọ tiwọn á wá gbé lọ́dọ̀ wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ tiwa náà á lọ sọ́hùn-ún. Èmi ni wọ́n ní kí n máa wá ilé tí àwọn àlejò yóò dé sí, kí n sì máa mú wọn débẹ̀. Wọ́n ní mo mọ èèyàn. Lóòótọ́, mo mọ èèyàn. Ọmọ èèyàn ni n kò tíì mọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin ọdún márùndínlógún kan bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó gbọ́ Ègùn, ó gbọ́ Faransé, Yorùbá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dán mọ́rán. Mo wá ilé fún un ní Àjídò, lọ́dọ̀ opó kan tó ń yan ẹja, Ègùn pọ́ńbélé, tó mọ́ tónítóní. Nínú kẹ̀kẹ́, ọmọ náà di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Màmá, ẹ máa dúró tì mí díẹ̀, àbí?" Mo ní, "Mo wà pẹ̀lú rẹ." Irọ́ ni mo pa. Bí a ṣe débẹ̀, mo ṣẹ́jú sí opó náà, ó sì yé e kíákíá. Ó ní kí ọmọ òun mú àlejò lọ wo bí àwọn apẹja ṣe ń tú àwọ̀n létí ọ̀sà. Bí wọ́n ṣe yà síbẹ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́, ó di ilé.

N kò tíì bọ́ bàtà tán tí fóònù fi dún. Opó náà ni. "Màmá Tíṣà, ọmọ yẹn ti gbé báàgì ẹ̀ o! A ò rí i!"

Yéè, mo gbé! Ọmọ ọlọ́mọ, nílùú onílùú! Kí ni n ó sọ fún ìyá rẹ̀? Ọ̀kadà ni mo gùn padà, èmi tí orúnkún ń dùn. Mo bá a ní oríta, ó jókòó lórí báàgì rẹ̀. Kò sunkún rárá, àìsunkún yẹn gan-an ló gún mi lọ́kàn.

Ó wò mí. "Ẹ ní ẹ wà pẹ̀lú mi."

Mo fẹ́ ṣàlàyé pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo pa á tì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní, "Mo ṣìṣe. Má bínú." Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí ní Ìjanikin. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni ẹkún gbé mi, ọmọ tí mo wá tù nínú ló tún ń tù mí nínú. Mo sọ fún un pé bó bá fẹ́ padà sílé, èmi fúnra mi ni n ó mú un lọ, kí ẹgbẹ́ wí ohun tó wù wọ́n.

Ó ní òun máa dúró, ṣùgbọ́n kí n mú òun padà sílé opó náà, kí n dágbére lẹ́nu ọ̀nà, kí òun sì rí mi títí n ó fi lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe é. Ó dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ. Opó náà sọ fún mi pé ọmọ náà sunkún díẹ̀, ó sì jẹun yó.

Lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, mo wá mú un lọ, a ò wá rí opó náà. Wọ́n ní ó lọ sọ́jà. Ọmọ náà ní òun kò ní wọ mọ́tò. Ó wá a káàkiri títí tó fi bá a lẹ́yìn ahéré tí wọ́n ti ń yan ẹja, níbi tó sá pamọ́ sí. Opó náà jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní èéfín ni. Ọmọ náà dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì bú sẹ́kún láìtijú.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní mò ń ba àwọn ọmọ jẹ́, nítorí mo ti sọ ọ́ dòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ́ lọ mọ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tiwa, ọmọ kì í béèrè. Àwọn ti òde òní ń béèrè, wọ́n sì ń dúró gba èsì. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún kí n tó mọ bí a ṣe ń dágbére, ọmọ ọdún márùndínlógún ló sì kọ́ mi.