Tòlótòló Inú Àdéhùn

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi ṣì pé, ohun méjì ni mo ń bẹ̀rù láyé: bàbá mi àti tòlótòló. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí tòlótòló kò bá lé rí ló ń rẹ́rìn-ín.

Ìsúndúnrìn la ti ń ṣoko. Nígbà tí bàbá mi rí i pé ebè tí mo ń kọ kò tóbi ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ, wọ́n lọ bá Alájì kan, télọ̀ tó ti Abíján dé sí Ẹ̀jìgbò, pé kí n wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Alájì ní ọdún mẹ́ta, láìgba kọ́bọ̀, àwọn yóò sì máa fún mi lóúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n ní kí èmi fúnra mi wá fẹnu mi sọ pé mo gbà, kó tó di ìrun Jímọ̀. Àyè ẹnì kan ṣoṣo ló kù, bàbá kan láti Ọlá sì ti ń bẹ̀ wọ́n nítorí ọmọ tirẹ̀.

"Mo gbà" ni bàbá mi ní kí n sọ. Wọ́n ní kí n má fi iyọ̀ sí i, kí n má fi ata sí i. Mo ń kà á lẹ́nu títí mo fi dé Ẹ̀jìgbò, bí ọmọ ilé kéwú.

Bí mo ṣe yà sílé Alájì, tòlótòló kan yọ lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó fẹ ìyẹ́, ojú ẹ̀ pọ́n, gbogbo ohun tó rọ̀ lọ́rùn ẹ̀ ń mì. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lórí bẹ́ǹṣì. Ibẹ̀ ni Alájì bá mi.

"Ọmọ Ìsúndúnrìn, kí lo wá sọ?"

"Mo gbà, Alájì. Ṣùgbọ́n kí ẹ bá mi so tòlótòló yín mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Alájì yọ awò ojú wọn. "Ṣé mo bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ tòlótòló ni?"

"Rárá, Alájì."

"Nígbà náà, tèmi kọ́ lo gbà. Ìwọ náà gbé tìrẹ kalẹ̀ ni. Mi ò gba tìrẹ, tèmi náà sì ti kúrò nílẹ̀. Sé finí!" Èdè Faransé nìyẹn, pé ó ti parí.

Mo figbe ta lórí bẹ́ǹṣì. "Mo ti gba ti àkọ́kọ́! Ẹ fi tòlótòló sílẹ̀! Kó máa rìn káàkiri!"

"Èwo ni ti àkọ́kọ́? Ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ tì í dànù. Kò sí níbẹ̀ mọ́ tí wàá fi padà wá mú u."

Mo rí ọmọ Ọlá lọ́kàn mi, tó jókòó sídìí ẹ̀rọ, tí èmi wà nídìí ebè. Ẹkún gbọ̀n mí. Ìyàwó Alájì tó ń ṣa ẹ̀wà ní, "Alájì, ẹ ṣàánú ọmọ yìí kó tó já bọ́."

Alájì wúkọ́. "Ó dáa. Ọ̀rọ̀ tuntun rèé. Ọdún mẹ́ta, oúnjẹ ọ̀sán, ìwọ ni wàá sì máa bọ́ tòlótòló láràárọ̀. O gbà àbí o ò gbà?"

"Ṣùgbọ́n" ti dé eyín mi. Mo gbé e mì bí àgbo kíkorò.

"Mo gbà, Alájì."

Ọdún mẹ́ta gbáko ni tòlótòló náà fi lé mi. Lọ́jọ́ tí mo gba fríìdọ̀mù, ó sìn mí dé títì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ nípa òfin ní ohun tí Alájì ṣe wà nínú ìwé àwọn: bí o bá fi nǹkan kún ohun tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, o ti pa á nìyẹn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ níṣojú mi ni ọmọ yìí kan náà ṣe fẹ́ gba nǹkan sórí fóònù. Ọ̀rọ̀ àdéhùn wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀ gùn dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Kò ka ìlà kan, ó tẹ ibi tí wọ́n kọ "mo gbà" sí. Mo bi í pé kí ló gbà. Ó ní, "Bàbá, gbogbo èèyàn ló ń tẹ̀ ẹ́."

Ayé ti yí. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, kò ba ẹ̀yin ọmọ ìwòyí rárá. Ṣùgbọ́n èmi kúkú rí tòlótòló tèmi kí n tó gbà á.