Àdúrà Tó Ti Sú Ọkọ Mi

Káfíńtà ni ọkọ mi. Ilẹ̀kùn ló máa ń ṣe jù, tí kò bá sì tíì ṣí i, kó pa á dé, kó tún fetí sí i bóyá ó ń ké, oníbàárà kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ẹ̀rín kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀, bíbá a gbélé sì tù mí lára. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ ò lè rí gbà lẹ́nu rẹ̀ ni àdúrà.

Bẹ́ẹ̀, Wòlíì làwọn sójà ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é nígbà ogun. Òun ló ń gbàdúrà fún wọn láràárọ̀ kí wọ́n tó jáde. Ó ní nígbà tógun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń ṣe àmín débi pé ọ̀gá wọn á ní kí wọ́n rọra, kí ọ̀tá má baà gbọ́. Nígbà tó yá, oúnjẹ ò dé déédéé mọ́, bàtà gbó mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, àwọn tí àmín wọn ń ròkè jù ni wọ́n sì ń fi aṣọ wé òkú wọn gbé padà wá. Agara dá àwọn tó kù. Òun á máa gbàdúrà, wọ́n á máa fá irùngbọ̀n. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun nìkan ló ṣe àmín sí àdúrà ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kò dìde gbàdúrà mọ́. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Èmi ò yọ ọ́ lẹ́nu. Mò ń gba tèmi, òun ń fá pákó rẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin wa ṣègbéyàwó, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló bá a gbàdúrà fọ́mọ. Mo rò pé a ti bọ́.

Àfi lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí ọmọbìnrin wa náà. Ẹ̀rù ń bà á. Ọkọ rẹ̀ ti wà nínú mọ́tò níta, ó ń fọn fèrè, òun ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà wa.

"Bàbá mi, mi ò ní wọ mọ́tò yẹn àfi tẹ́ ẹ bá gbàdúrà fún mi."

"Ìyá ẹ á gbà á. Ẹnu ẹ̀ yá ju tèmi lọ."

"Màámi ti gbà á. Tiyín ni mo wá fún."

Ọkọ mi wolẹ̀. Inú bí mi sí i, kí n má purọ́.

"Ọmọ mi, mi ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́."

"Èmi ń gbọ́, Bàbá."

Ó nu ekuru pákó kúrò lọ́wọ́, ó gbé ọwọ́ náà lé e lórí. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe àdúrà aboyún rárá. Ẹyọ kan ṣoṣo tó mọ̀ náà ni, èyí tó ń gbà fáwọn sójà.

"Kí ọ̀tá má gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ. Kí ìbọn wọn tàsé rẹ. Kí bàtà má há ọ lẹ́sẹ̀. Kí o padà dé ibùdó láàyè."

Èmi ni mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó fọwọ́ gbá ikùn mú.

"Àmín. Bàbá, ibùdó wo nìyẹn?"

Ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. "Ilé yìí ni."

Nígbà tí ọmọbìnrin wa gbé ọmọ rẹ̀ padà dé, ọkọ mi gba ọmọ náà mọ́ra. Kò sì dúró kí ẹnikẹ́ni bẹ òun kó tó gbàdúrà.